Orúkọ Kan Nínú Ìwé Mẹ́ta

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ará wa bá ń múra òde, àwa márùn-ún kan a máa kó tábìlì méjì pọ̀ nínú yàrá kan tí wọ́n fi yá wa ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá Paris. Ọmọ Kétu ni méjì nínú wa, ọmọ Ṣábẹ ni ẹnì kan, ọmọ Àjàṣẹ́ ni àwọn méjì yòókù. Kò sí agbẹjọ́rò láàárín wa, a kì í sì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé tí wọ́n ń tọrọ ìwé ọmọ ìlú lọ́wọ́ ìjọba Faransé ni a ń jókòó tì. A ń bá wọn to ìwé, a ń bá wọn ka ìbéèrè. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹni tí yóò fetí sí wọn lásán ni wọ́n ń wá.

Bí ẹ bá bi àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé léèrè ohun tí ń bà wọ́n lẹ́rù, ìdánwò ni wọn yóò sọ. Wọn kò ṣìnà. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2026, ìpele B2 ni ìjọba ń béèrè nínú èdè Faransé; B1 ni tẹ́lẹ̀. Ìdánwò mìíràn tún wà lórí ìtàn, òfin àti ìṣèjọba ilẹ̀ náà: ìbéèrè 40 ní ìṣẹ́jú 45, ẹni tí kò bá sì gba 32 kò yege. Síbẹ̀, ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn wa padà lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ìdánwò. Orúkọ wọn ni.

Arábìnrin kan tọ̀ wá wá ní ìgbà òtútù. A ó fi Ọlájídé rọ́pò orúkọ ìdílé rẹ̀ níhìn-ín. Ó ti fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ti dá a padà. Nínú ìwé ìbí rẹ̀, tí wọ́n kọ ní agbègbè Kétu, “Oladjidé” ni. Nínú ìwé bàbá rẹ̀, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣòwò ní Nàìjíríà tí ó sì gba ìwé níbẹ̀, “Olajide” ni. Nínú ìwé ìbí àkọ́bí rẹ̀, tí wọ́n kọ ní Faransé, akọ̀wé fo lẹ́tà kan: “Oladidé”. Lójú òṣìṣẹ́ tí ó gba ìwé náà, ìdílé mẹ́ta ni. Ní tiwa, bákan náà ni a ń pe gbogbo rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wà kí a tó bí arábìnrin náà. Ààlà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1889 la ilẹ̀ wa já, ó sì la orúkọ wa já pẹ̀lú. Ìró tí akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì kọ ní j, dj ni akọ̀wé Faransé kọ ọ́. Ṣ di ch, u di ou. Báyìí ni Adéṣínà ṣe di Adéchina, tí Babátúndé sì di Babatoundé. Ti orúkọ ìdílé tún le ju èyí lọ. Àwọn baba ńlá wa kò jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn akọ̀wé ìjọba wá ń fi dandan béèrè rẹ̀, ẹnì kan fi orúkọ àbísọ bàbá rẹ̀ sílẹ̀, àbúrò rẹ̀ fi oríkì bàbá àgbà sílẹ̀. Ọmọ bàbá kan náà sì ń jẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ títí di òní. Ẹni tí kò mọ ìtàn wa yóò rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa.

Ìjọba sì ń béèrè ìwé àwọn òbí pẹ̀lú ti ẹni tí ń tọrọ. Ti ọmọ rọrùn: a bá a kọ̀wé sí mairie tí ó kọ ọ́, wọ́n sì tún lẹ́tà náà ṣe. Ti bàbá gba oṣù mẹ́jọ. Àbúrò arábìnrin náà tí ó wà nílé ni ó mú àwọn àgbà méjì tí wọ́n mọ olóògbé lọ síwájú adájọ́, kí wọ́n lè jẹ́rìí pé ẹnì kan náà ni Olajide àti Oladjidé. Gẹ́gẹ́ bí àbúrò náà ti sọ fún wa lórí fóònù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà bi adájọ́ pé, “Ṣé ẹ kò gbọ́ bí mo ti pè é ni?”

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé a mọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí a ṣì lọ́nà. Òfin sọ pé ọdún márùn-ún ni ènìyàn gbọ́dọ̀ ti gbé ní Faransé kí ó tó tọrọ, ṣùgbọ́n ọdún méjì tó fún ẹni tí ó bá fi àṣeyọrí parí ọdún méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀. Ọmọ náà ní òun ti kàwé ọdún méjì. Inú wa dùn, a ní kí ó fi ìwé ránṣẹ́. A kò béèrè bóyá ó yege ní ọdún kejì. Kò yege. Ó dúró fún ohun tí ó lé ní ọdún kan kí lẹ́tà tó dé pé ìwé rẹ̀ kò ṣeé gbà. Kò bá wa jà, ìyẹn gan-an ni ó sì dùn wá jù. Láti ìgbà náà, ìwé èsì ni a kọ́kọ́ ń béèrè. Èyí tí ó bá sì ju agbára wa lọ, a ń darí ẹni náà sí ẹgbẹ́ tí ó mọ òfin jù wá lọ, irú La Cimade, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1939.

Ayọ̀ ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá àgbà kan sin ọmọbìnrin wọn wá, wọ́n kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Ọ̀rọ̀ ló mú ọ̀rọ̀ wá tí a fi gbọ́ pé wọ́n ti lo ọgbọ̀n ọdún ní Faransé, àti pé ọmọkùnrin wọn ti di ọmọ Faransé. Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 65, tí ó ti ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ fún ọdún 25, tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Faransé, lè gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní déclaration, tí ó yàtọ̀ sí ti décret tí gbogbo ènìyàn ń tò sí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn rí.

Bàbá kan láti Ṣábẹ ní tiwọn kò fẹ́ gbọ́ rárá. Wọ́n gbé ìwé náà sílẹ̀, wọ́n ní, “Ṣé kí n wá sẹ́ ilé bàbá mi ni?” Òfin Faransé kò béèrè pé kí ènìyàn kọ ti ìlú rẹ̀ sílẹ̀. A ṣàlàyé èyí fún wọn ní èdè Yorùbá, a tún un sọ, a tún un sọ. Wọ́n ní àwọn yóò lọ rò ó. Wọn kò tí ì padà wá.

Nígbà tí gbogbo ìwé arábìnrin wa pé, a dé ibi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá ó fẹ́ sọ orúkọ rẹ̀ di ti Faransé. Òfin fi àyè yẹn sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wù. Ó béèrè bóyá dandan ni. A ní rárá.

Ó ní, “Èyí tí mo ti ń sáré kiri lé lórí láti bí ọdún kan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ síwájú.”

A fi ìwé náà ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, wọn kò tí ì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó ṣì ń wá ní ọjọ́ Sátidé. Òun ni ó ń gba ìwé lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé báyìí, tí ó ń ka orúkọ wọn lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.