Ilẹ̀ Ẹ̀bá Pápá Bàálù Alákìá



Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan láìpẹ́ yìí, Ìyá Sùnnà mọ́sálásí wa, ẹni tí ó ń ta aṣọ ní Gbági Tuntun, pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Aáfà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Owó Hájì tí àwa obìnrin alásàlátù ti ń dá jọ, ajẹ́ńtì kan ní kí a fi ra ilẹ̀ lẹ́bàá pápá bàálù. Ó ní bí bàálù Mẹ́kà bá bẹ̀rẹ̀ sí gbéra láti Alákìá, ọ̀kan yóò di márùn-ún."

Mo bi í bóyá wọ́n ti dé orí ilẹ̀ náà. Ó ní rárá, àwòrán orí fóònù ni àwọn rí.

Ẹ̀yin ará, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra ilẹ̀ ní Alákìá. Pápá bàálù Ìbàdàn, tí wọ́n fi orúkọ olóògbé Samuel Ládòkè Akíntọ́lá pè ní ọdún 2023, ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ gbé iṣẹ́ lé ní ọdún 2025, kí bàálù òkè òkun lè máa balẹ̀ síbẹ̀. Ọjà Gbági Tuntun kò jìnnà sí i. Ẹni tí ó bá kọ́ ilé ìkẹ́rù tàbí ilé àlejò síbẹ̀ lè rí oníbàárà. (Kí ó má kàn ṣe ilé gíga fíofío, nítorí àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú ní láti fọwọ́ sí bí ilé yóò ti ga tó ní irú àgbègbè bẹ́ẹ̀.)

Ṣùgbọ́n bí pápá bàálù bá ń fẹ̀, orí ilẹ̀ ni ó ń fẹ̀ sí. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ àkóso gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ òfìfo fún ànfààní ìlú, kì í ṣe iye tí ẹ rà á ni òfin ní kí wọ́n san fún yín. Owó ilẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba ní ọdún náà ni. Ilé àti irè oko ni wọ́n ń ṣírò lọ́tọ̀. Ẹni tí ó ní rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ nìkan ńkọ́? Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbà kan wà tí mo ra púlọ́ọ̀tì kan bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kó búlọ́ọ̀kù dé, mo bá ẹlòmíràn tí ó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀, ọwọ́ ẹbí kan náà ni rìsíìtì tirẹ̀ sì ti wá. N kò rí kọ́bọ̀ gbà padà.

Òjíṣẹ́ Ọlọ́run, kí ìkẹ́ Ọlọ́run máa bá a, kọ̀ fún wa láti ta ohun tí kì í ṣe tiwa, ó sì kọ òwò tí ojú rẹ̀ kò mọ́, èyí tí àwọn aáfà ń pè ní gárárì. Ní ti ìwé àti ẹlẹ́rìí, ẹ wo Súrátù Bákárà, ẹsẹ̀ 282. Owó yìí pàápàá, àmánà ni. Ìyá arúgbó kan wà nínú wọn tí ó ti ń dá a láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé.

Ìyá Sùnnà bi mí nípa sàká pẹ̀lú. Ilẹ̀ tí a fẹ́ kọ́ ilé gbé sí kò ní sàká. Èyí tí a rà láti tà, tí a fi sílẹ̀ kí ó lè wọ́n, ní ọ̀nà Imam Malik tí ọ̀pọ̀ aáfà wa ń tẹ̀lé, ìgbà tí a bá tà á ni a óò yọ sàká ọdún kan péré, ìdá kan nínú ogójì: 1,000,000 náírà nínú 40,000,000. Ẹni tí ó sọ rírà àti títa ilẹ̀ di òwò ojoojúmọ́ ni yóò máa díye lé e lọ́dọọdún.

A mú sọ̀féyọ̀ lọ sí orí ilẹ̀ náà. Ó wọ̀n ọ́n, ó sì gbé e lọ sí Sẹkitéríàtì ní Agodi kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí àwòrán ilẹ̀ ìjọba. Ní Àtàláátà èsì dé: ó ju ìdajì rẹ̀ lọ tí ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Nígbà tí a sọ fún ajẹ́ńtì, kò tilẹ̀ bínú. Ó ní òun ní òmíràn tí ó tún sún mọ́ pápá bàálù ju ìyẹn lọ. Ìyá Sùnnà ní kí ó kọ́kọ́ fi ìwé sọ̀féè rẹ̀ ránṣẹ́. Títí tí mo fi ń kọ èyí, kò tíì fi ránṣẹ́.