KÍKỌ́ ỌMỌ JAPAN NÍ ÒYÌNBÓ: ẸNI TÍ KÒ LÈ ṢERÉ, KÓ JÓKÒÓ SÍLÉ!

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ wá gbọ́! Òyìnbó tí àwọn ọmọ tiwa ń fi ẹkún kọ́ níléèwé, òun ni àwọn kan ń fi orin kọ́ ọmọ kéékèèké ní ilẹ̀ Japan, tí wọ́n sì ń gbowó oṣù lé e. Àmọ́ ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ìdẹ̀ra ni, kó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

Ọdún 1987 ni ìjọba Japan bẹ̀rẹ̀ ètò JET, tí wọ́n fi ń kó àwọn tó gbọ́ Òyìnbó wá láti òkè òkun kí wọ́n máa ran àwọn tíṣà wọn lọ́wọ́. Ní 2011, wọ́n sọ Òyìnbó di dandan fún kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di 2020, wọ́n fà á wálẹ̀ dé kíláàsì kẹta, ìyẹn àwọn ọmọ ọdún 8 sí 9. Ìgbà 35 lọ́dún ni àwọn yẹn ń ṣe é, ìṣẹ́jú 45 sì ni ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Tíṣà tuntun tó bá wọ iléèwé ìjọba, ọmọ iṣẹ́ ni. Tíṣà ọmọ Japan tó ni kíláàsì ni ọ̀gá. Àlejò ni yóò pe ọ̀rọ̀ jáde kí àwọn ọmọ gbọ́ bó ṣe ń dún. Yóò bọ́ bàtà ìta sẹ́nu ọ̀nà, yóò wọ ti inú ilé. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń bu oúnjẹ ọ̀sán, àwọn náà ló ń gbálẹ̀. Tíṣà tó bá bá wọn jẹun, tó bá wọn mú ìgbálẹ̀, kíá ni wọ́n á fẹ́ràn rẹ̀.

AHỌ́N Ń FA WÀHÁLÀ

Èdè Japan kò ya "l" sọ́tọ̀ lára "r". "Light" àti "right", bákan náà ni wọ́n ń dún létí wọn. Ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í fẹ́ parí láìsí fáwẹ̀lì, àfi "n" nìkan. Ẹ ò rí i pé ó jọ tiwa? Àwa sọ "milk" di mílíìkì, àwọn sọ ọ́ di miruku. Àwa ní bọ́ọ̀sì, àwọn ní basu. Ọmọ Yorùbá kò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín o!

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí tíṣà má gbé ìwé gírámà dání. Àwòrán ìlú rẹ̀, oúnjẹ wọn àti àsíá wọn ni kó fi sọ irú ẹni tó jẹ́. Lẹ́yìn náà, ó ku orin, káàdì aláwòrán àti eré. Tó bá fẹ́ kọ́ wọn ní "jump", kó fò sókè! Kí gbogbo wọn jọ pè é kó tó pe ẹnì kan dìde, torí ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ wọn láti ṣi ọ̀rọ̀ pè lójú ẹgbẹ́. Ọmọ tó dákẹ́ kì í ṣe olódo. Ẹ má sì dárúkọ pàṣán níbẹ̀: òfin iléèwé wọn ti 1947 ti ka nínà léèwọ̀.

Ọ̀RỌ̀ OWÓ ŃKỌ́?

Ẹni tó bá fẹ́ wọ JET gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ẹni tó bá ní fíìsà àbẹ̀wò tó fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gbájúẹ̀ ni, ẹ sá fún un. Ọ̀pọ̀ onílé ń gba owó kan tí wọn kì í dá padà, bí àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ̀n tiwa l'Ékòó. Owó oṣù àkọ́kọ́ sì lè pẹ́ kó tó dé. Ẹni tí kò mú owó dání, ebi á kí i káàbọ̀.

Ẹ rántí oṣù kẹwàá ọdún 2007. Nova, ilé-ẹ̀kọ́ Òyìnbó aládàáni tó tóbi jù ní Japan nígbà náà, wọ gbèsè. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà àlejò ni kò rówó oṣù gbà. Àwọn mìíràn rí i pé owó ilé tí wọ́n yọ nínú owó oṣù àwọn kò dé ọwọ́ onílé. Bí a bá yìnbọn sọ́dọ̀ àlejò, ta ni yóò sá tọ̀?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń pète ìrìn àjò yìí, ẹ má wo ìwé ẹ̀rí nìkan. Ẹ bi í bóyá ó lè bá ọmọ ọlọ́mọ jó, kó tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè nígbà ogún láìbínú. Ìwé ẹ̀rí ló ń múni wọlé, sùúrù ló ń múni pẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún ka àdéhùn iṣẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i.

Kí lẹ ti rí sí i? Ojú ewé lẹ́tà ń retí yín.