Kí ẹ tó kó ìdílé yín kúrò nígboro Èkó lọ sí etí òkun

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ tọkọtaya tó ń gbé nígboro Èkó lásìkò yìí. Wọ́n á ní ìlú ti sú àwọn. Owó ilé ń gbówó lórí sí i, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò jẹ́ kí bàbá fojú kan àwọn ọmọ rẹ̀ lójú mọmọ, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sì jẹ́ kí ìyá rí oorun sùn. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti bi ara wọn léèrè pé kí ló dé tí àwọn kò kúkú kó lọ sí apá Àgbádárìgì, tàbí abúlé kan ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, tàbí kí wọ́n tiẹ̀ padà sí ilẹ̀ Ìlàjẹ tí í ṣe ìlú bàbá wọn, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ yẹ́ẹ́, tí ẹja tútù kò sì ti ṣọ̀wọ́n.

Èrò òmùgọ̀ kọ́ lèrò náà. Òfin ilé yíyá tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti wá ilé lÉkòó rí mọ̀ pé ọ̀pọ̀ onílé kò yéé gba ti ọdún méjì lẹ́yìn òfin náà, tí owó ẹni tó bá ni wálé àti owó ìwé àdéhùn á tún tẹ̀lé e. Àmọ́ ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Owó tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń ṣe irú ìrìn àjò yìí kì í ju ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ kó jọ. Bí wọ́n bá ṣì í ná, kò sí òmíràn nílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi to àwọn ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bèèrè sílẹ̀, kí ẹ tó di ẹrù.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé wa ni pé ẹnu lásán la fi ń pe gbogbo rẹ̀ ní etí òkun, ibẹ̀ kò rí bákan náà. Àgbádárìgì jẹ́ ìlú àtijọ́ tó fìdí múlẹ̀. Níbẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí wọ́n kọ́ parí lọ́dún 1845. Ọjà, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ìjọba sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀sà ló wà láàárín ìlú náà àti òkun gan-an, ẹni tó bá fẹ́ máa gbé nítòsí ìgbì òkun níhà Gbẹ̀rẹ̀fú gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi ni òun yóò máa wọ̀.

Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì ní tirẹ̀ ti ń kúrò ní abúlé. Èbúté ńlá Lẹ́kì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2023, ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí í fọ epo lọ́dún 2024, ọdún 2024 yìí kan náà ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀nà etí òkun tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ là láti Èkó dé Kàlàbá, tí gígùn rẹ̀ tó 700 kìlómítà. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ tàbí tó fẹ́ ṣòwò lè rí ojú rere níbẹ̀. Ẹni tó ń sá fún ariwo ọkọ̀ àti ọ̀wọ́n ilẹ̀ ní láti mọ̀ pé àwọn tírélà ti ṣáájú òun débẹ̀.

Ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tún yàtọ̀ pátápátá. Ìgbókọ̀dà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi mọ́tò sílẹ̀ bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó dé àwọn ìlú tó wà létí òkun, tí ilé onípákó lórí òpó sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní í kà á sí nǹkan kan. Ọmọ tí wọ́n bí sí Múṣin, tí kò mọ omi í wẹ̀, gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ́ ọ.

Ìbéèrè kejì ni ibi tí owó yóò ti máa wọlé. Bí bàbá bá máa kó ìdílé lọ sí Àgbádárìgì, àmọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní Ìkẹjà tàbí Marina, kò tíì kúrò lÉkòó, ńṣe ló kàn sọ ọ̀nà di gígùn. Láti ayé ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá ni iṣẹ́ ti wà lórí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, àwọn tó ń gba ibẹ̀ sì mọ ohun tí ojú wọn rí. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, mú ìtura wá láti Marina dé Mile 2, ìyẹn kìlómítà 13. Ètò ni pé kó dé Òkòkòmáìkò tó bá yá, ṣùgbọ́n láti Òkòkòmáìkò sí Àgbádárìgì náà kì í ṣe ọ̀nà kékeré.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹni kan ń fi 3,000 náírà wọkọ̀ lọ bọ̀ lójúmọ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, 66,000 náírà lóṣù nìyẹn, 792,000 náírà sì ni lọ́dún. Kí ẹ gbé iye tí yóò jẹ́ fún ẹ̀yin sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ilé tí ẹ lẹ́ ẹ fẹ́ dín kù, kí ẹ wò ó bóyá èrè kankan kù. Kí ẹ sì rántí pé owó ọkọ̀ kì í dúró sójú kan. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 480 náírà lẹ́sẹ̀kan náà; kí ọdún 2024 tó parí, ó ti tó nǹkan bí 1,000 náírà. Ọkọ̀ ojú omi tó ń lo ẹ́ńjìnnì náà kò fi omi ṣiṣẹ́, epo yìí kan náà ló ń mu.

Ohun tí àwọn mìíràn máa ń ṣe ni pé bàbá á yá yàrá kan sÉkòó, á máa wálé lópin ọ̀sẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n ilé méjì ni wọ́n ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ yẹn. Bí ó bá sì jẹ́ nítorí kí bàbá lè máa rí àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ṣe fẹ́ kúrò nígboro, ohun tí wọ́n sá fún náà ni wọ́n tún lọ bá.

Ẹni tó bá ní òun yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ tan ara rẹ̀ pé òun á máa pẹja. Iṣẹ́ tí àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn ti ń kọ́ láti kékeré ni ẹja pípa. Owó àwọ̀n àti owó ẹ́ńjìnnì kì í ṣe owó kékeré, ìgbà òjò sì wà tí òkun máa ń le tí ọkọ̀ kì í lè jáde. Ó sàn kí èèyàn gbé iṣẹ́ tó ti mọ̀ lọ́wọ́ lọ: aránṣọ, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, nọ́ọ̀sì, olùkọ́, tàbí ìyá tó mọ bí wọ́n ṣe ń ra ẹja yíyan àti àgbọn níbi tó ti pọ̀, tó sì ti ní oníbàárà sílẹ̀ lÉkòó. Ẹni tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́ látinú ilé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe látìgbà àrùn Kòrónà ọdún 2020, gbọ́dọ̀ lọ dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò nínú yàrá tó fẹ́ gbé, kì í ṣe lójú títì.

Ìbéèrè kẹta ni omi tí ẹ máa mu. Lábẹ́ yanrìn etí òkun, omi òjò tó ti rìn wọlẹ̀ máa ń léfòó sórí omi iyọ̀, nítorí pé omi iyọ̀ wúwo jù ú lọ. Kànga tí kò jìn lè mú omi tó dára jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá gbẹ́ ẹ jìn jù, tàbí tí a bá fi ẹ̀rọ fà á ní àfàjù, omi iyọ̀ á gòkè wá. Ìdí nìyí tí kànga kan fi lè dùn-ún mu lóṣù Keje, kí ó sì níyọ̀ lẹ́nu lóṣù Kẹta. Sísè kò lè mú iyọ̀ kúrò nínú omi. Nítorí náà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ tọ́ omi ibẹ̀ wò. Iyọ̀ yìí kan náà ló wà nínú atẹ́gùn, òun ló ń jẹ páànù orí ilé àti irin, kí ẹ sì fi owó àtúnṣe kún ìṣirò yín.

Ìbéèrè kẹrin ló lágbára jù: ṣé ilẹ̀ náà yóò ṣì wà níbẹ̀? Ìlú Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó lọ́dún 1947, ti fìgbà kan rí jẹ́ àwòkọ́ṣe. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń pín èrè, wọ́n sì ń kan ọkọ̀ ojú omi fúnra wọn. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà ìlú náà mì, àwọn ìdílé tó ti kọ́lé lẹ́ẹ̀kan ti tún un kọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì.

Kò yẹ ká rò pé Ìlàjẹ nìkan ni èyí kàn. Yanrìn etí òkun wa kì í dúró sójú kan. Ìgbì ń tì í láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn nígbà gbogbo. Láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn to òkúta ńláńlá sẹ́nu èbúté Èkó kí ọkọ̀ ojú omi lè rọ́nà wọlé. Òkúta náà dí yanrìn lọ́nà. Yanrìn gbára jọ sápá ìwọ̀-oòrùn, Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn kò sì rí gbà mọ́, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2012, omi òkun ya wọ etí òkun Kúrámọ̀, ó sì gbé ẹ̀mí lọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ògiri òkúta tó gba ibì kan là lè kó ìyọnu bá aládùúgbò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra ilẹ̀, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ́ sínú òkun ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀. Kí ẹ sì wá àgbàlagbà kan tí wọ́n bí sí abúlé náà, kí ẹ bi í pé, "Bàbá, níbo ni etí omi wà nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé?" Bó bá na ọwọ́ sínú òkun, ẹ ti gba ìdáhùn.

Ti ìwé ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àkóso gómìnà rẹ̀, nítorí náà kí ẹ jẹ́ kí sọfíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ bá yín wò ó bóyá ìjọba ti fi ilẹ̀ náà pamọ́ fún iṣẹ́ kan, àti bóyá kò sí lára ìwọ̀n etí omi tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́lé sí. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kì í ṣe ọmọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà kiri pé ilẹ̀ bàbá òun ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lọ́dún 2016 láti dá àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń jagun lórí ilẹ̀ lẹ́kun, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣèwádìí kó tó sanwó kò ní í nílò agbẹjọ́rò lẹ́yìn rẹ̀.

Ti àwọn ọmọ àti ìlera ló kù. Ọmọ tó bá ti wà ní SS2 tàbí SS3, tí ìdánwò WAEC rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sàn kó parí ibi tó wà. Àwọn kékeré ló máa ń tètè mọwọ́ ibi tuntun. Ní Àgbádárìgì, kò ní í pẹ́ tí wọ́n á fi máa bá ẹgbẹ́ wọn sọ èdè Ègùn. Ní ti ìlera, ẹ má ṣe bèèrè bóyá ilé ìwòsàn wà. Ohun tí kí ẹ bèèrè ni pé bí ọmọ bá ń gbọ̀n fún ibà, tàbí tí ìrọbí bá mú aboyún ní aago méjì òru, ta ló ní ọkọ̀, ta ló ní epo, níbo sì ni dókítà tó wà lójúfò wà? Lójú ọ̀sà, kí ẹ fi ewéko tó ń léfòó, tó ti ń bo omi wa láti nǹkan bí ọdún 1984, kún un, nítorí ó máa ń há ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ nígbà òjò.

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀. Kí ẹ má ṣe fi ilẹ̀ rírà bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ yá ilé síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko, kí ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ká yín mọ́bẹ̀. Bí omi bá ṣe é mu lóṣù Kẹta, tí ọ̀nà ṣe é gbà lóṣù Keje, tí owó sì ń wọlé láìjẹ́ pé bàbá di àlejò nínú ilé ara rẹ̀, nígbà náà ni kí ẹ na ọwọ́ sí owó tí ẹ kó jọ. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọdún kan tí ẹ fi wò ó kò lè ba nǹkan jẹ́ tó ilẹ̀ tí ẹ fi gbogbo owó ayé yín rà, tí òkun wá gbà lọ́wọ́ yín.