Àìtó Omi Mímu àti Ìlera Adìẹ tí ó ń yé Ẹyin

Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Òwe yìí gbajúmọ̀, iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ kò sì lábùkù; ṣùgbọ́n bí ó bá kan ara adìẹ gan-an, òótọ́ kọ́. Adìẹ kò ní ihò òógùn rárá. Nígbà tí ooru bá mú un, ẹnu ni ó ń yà, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí omi inú ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè máa bá ooru ara lọ. Omi tí ó ti mu ni ó ń ná báyìí. Ìdí nìyí tí àìtó omi fi ń tètè ba ìlera rẹ̀ jẹ́ ju àìtó oúnjẹ lọ.

Nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù díẹ̀, adìẹ kan tí ó ń yé a máa jẹ nǹkan bíi 110 sí 120 gíráàmù oúnjẹ lójúmọ́, a sì máa mu omi tí ó tó ìlọ́po méjì ìwọ̀n yìí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá ní oṣù Èrèlè àti Ẹrẹ́nà tí ooru ọ̀sán ní Ìbàdàn ń tó 34°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi tí ó ń fẹ́ lè di ìlọ́po mẹ́rin. Àkókò yìí kan náà ni kànga ń gbẹ.

Ohun tí ó kọ́kọ́ ń ṣẹlẹ̀ kì í ṣe ikú. Adìẹ tí kò rí omi mu yóò dín oúnjẹ kù, nítorí pé oúnjẹ gbígbẹ kò lè rọ̀ dáadáa nínú àpò ọrùn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ẹyin yóò dín. Kò yani lẹ́nu: nínú ẹyin tí ó wọn 60 gíráàmù, nǹkan bíi 40 ni omi. Bí omi bá dáwọ́ dúró fún odindi ọjọ́ kan, yóò pẹ́ díẹ̀ kí iye ẹyin tó padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá ju ọjọ́ kan àbọ̀ lọ, ìyẹ́ àwọn mìíràn lè bẹ̀rẹ̀ sí í re, kí wọ́n sì ṣíwọ́ yíyé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Inú kíndìnrín ni ewu náà ti jinlẹ̀ jù. Adìẹ kì í tọ̀ bí ewúrẹ́. Uric acid, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ni ohun funfun tí ó máa ń wà lórí ìgbẹ́ rẹ̀. Èyí kì í fẹ́ yòrò, omi ni ó ń gbé e jáde. Bí omi kò bá tó, yóò dì sínú kíndìnrín, kíndìnrín yóò wú, yóò sì funfun ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà tí ó bá le, ohun kan bí ẹfun yóò bo ọkàn àti ẹ̀dọ̀. Òtítọ́ ni pé àwọn àrùn mìíràn lè fa irú èyí, nítorí náà ó yẹ kí ẹni tí ó la òkú adìẹ béèrè nípa omi kí ó tó dárúkọ àrùn kankan. Lóde ara, ogbe orí yóò rọ, yóò sì dúdú, awọ ẹsẹ̀ yóò hunjọ. Iyọ̀ inú oúnjẹ pàápàá, tí kò léwu nígbà tí omi wà, lè di májèlé.

Àìtó omi kì í fìgbà gbogbo jẹ́ pé omi kò sí. Ọpọ́n lè kún kí omi inú rẹ̀ gbóná nítorí pé oòrùn ń pa àgbá. Adìẹ kò fẹ́ omi gbígbóná. Níbi tí ọpọ́n kò pọ̀, àwọn alágbára ni yóò dí i, àwọn yòókù yóò máa wò. Adìẹ a máa mu omi púpọ̀ ní kété tí ó bá yé tán àti ní ìrọ̀lẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, bẹ́ẹ̀ ìrọ̀lẹ́ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ti lọ sílé. Olùsìn tí ó bá rí i pé ẹyin dín yóò ra oògùn, yóò pààrọ̀ oúnjẹ, owó yóò sì lọ lórí ohun tí kì í ṣe àrùn.

Àwọn kan ń mọ̀ọ́mọ̀ dá omi dúró. Kí a tó po oògùn àjẹsára lúkúlúkú sínú omi, ó tọ́ kí a ká ọpọ́n kúrò fún wákàtí kan tàbí méjì, kí òùngbẹ lè mú kí wọ́n mu ún tán kíákíá. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni èyí yẹ. Ti àwọn tí ń dín omi kù kí ìgbẹ́ má baà rọ̀, kí eṣinṣin má baà pọ̀, ṣòro láti gbè lẹ́yìn. Nínú ilé adìẹ tí a ń mú tutù, fífún wọn lómi fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́ lè ṣeé ṣe láìpa wọ́n lára púpọ̀. Lábẹ́ òrùlé páànù ní oṣù Ẹrẹ́nà, wákàtí díẹ̀ láìsí omi ti tó láti pa adìẹ.