Ipa bàbá nínú fífún ọmọ lọ́yàn

Ipa bàbá nínú fífún ọmọ lọ́yàn ni ìrànlọ́wọ́ tí ọkọ ń ṣe fún abiyamọ nígbà tí ọmọ tuntun ń mu ọyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé ọyàn nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìsí omi tàbí àgbo. Nílẹ̀ Yorùbá, ìyá ọkọ tó wá wẹ ọmọ lè ní kí wọ́n fún un lómi nítorí òùngbẹ. Kò rọrùn fún ìyàwó láti bá a jiyàn; ọmọ bíbí inú rẹ̀ ló yẹ kó ṣàlàyé pé omi kó nǹkan bí ìdá 88 nínú 100 omi ọyàn. Lóru, bàbá lè gbé ọmọ tọ ìyá rẹ̀ lọ, kí ó sì gbé e lé èjìká títí yóò fi gùfẹ̀.