"Á wọlé" kọ́ ni "ó bá ọkọ̀ mu": ẹ̀rọ essuie-glace àlòkù

Ọ̀rọ̀ ọjà tòní kan àwọn ọlọ́kọ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà má tíì pa rédíò o. Ẹ̀yin lẹ máa ń jókòó sẹ́yìn nígbà tí awakọ̀ ò bá rí iwájú mọ́.

Àna mi kan ń wa tákísí láàárín Àjàṣẹ́ àti Kétu. Nígbà òjò èṣí, ẹ̀rọ tó ń ti essuie-glace ọkọ̀ rẹ̀ kú. Ó ra àlòkù ní 15.000 fráǹkì. Mẹkáníìkì wò ó, ó ní, "Á wọlé." Ó wọlé lóòótọ́, ihò bóòtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Àmọ́ ẹnu wáyà méjèèjì ò dọ́gba, ni ọ̀gá bá gé e, ó fi àfojúbù so wáyà mọ́ wáyà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, lálẹ́, nínú òjò ńlá, fíúsì jó. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀, ìyá kan sì gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná dání. Ó ju wákàtí kan lọ tí wọ́n fi dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n ń retí kí òjò dá.

Kí ẹ tó lọ sọ́jà rárá, ẹ jẹ́ kí á mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà ló kú. Ẹ wo fíúsì. Ẹ tú ọ̀pá tó so ẹ̀rọ mọ́ apá méjèèjì, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Bí ìpẹtà bá ti mú un, tó ń le, ẹ̀rọ tuntun náà á jóná bíi ti àkọ́kọ́.

Tó bá dájú pé ẹ̀rọ ni, ẹ tú u, ẹ gbé e dání lọ sọ́jà. Ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀ o! Nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Ti Bosch sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0 390. Valeo àti Denso ní tiwọn. Ẹ ka nọ́ńbà náà dópin, torí pé ìyàtọ̀ lè wà ní ìparí. Bí nọ́ńbà bá ti parẹ́, ẹ mú carte grise dání: nọ́ńbà chassis oníwọ̀n 17 tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó mọṣẹ́ lè fi wá èyí tó bá ọkọ̀ yín mu.

Ẹ ka iye irin tó wà nínú ẹnu wáyà. Ẹ wo 12 tàbí 24 volt. 12 ni ti ọkọ̀ kékeré, 24 ni ti ọ̀pọ̀ kámíọ̀n ńlá. Ẹ̀rọ ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í ṣe ti iwájú: ti iwájú sábà máa ń yí po, ti ẹ̀yìn sábà máa ń lọ, á bọ̀.

Ibi tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ rèé. Tí ẹ bá pa essuie-glace, iná kì í kúrò lára ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwo kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí iná wà títí apá á fi sùn sí ìsàlẹ̀ gíláàsì. Wáyà iṣẹ́ yìí gan-an ni ọ̀gá àna mi so gbòdì, tí iná fi pàdé ara wọn. Àlòkù tó ti Ìlú Ọba tàbí Jàpáàn wá lè jẹ́ ti ọkọ̀ tí volant rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Orúkọ ọkọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú tiyín tó wà lọ́wọ́ òsì, síbẹ̀ kí apá máa sinmi ní àárín gíláàsì, níwájú ojú awakọ̀. Ẹ bi ọlọ́jà pé ara ọkọ̀ wo ló ti tú u.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì. Ẹ di í mú dáadáa, ó máa ń fò, kí ìka má sì wà nítòsí ọ̀pá rẹ̀. Ẹ gbọ́ ti jẹ́jẹ́, ẹ gbọ́ ti kíákíá, kí ẹ wá pa á bí ìgbà tí ẹ wà nínú ọkọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ojú kan náà ló ń dúró sí nígbà gbogbo. Ariwo, òórùn iná, ọ̀pá tó ń mì: ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ọlọ́jà tí kò bá gbà kí ẹ dán an wò, èmi ò ní ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sórí ìwé owó pé ẹ lè dá a padà, àti iye ọjọ́ tó fún yín.

Nílé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé ẹnu wáyà. Kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ láìsí apá lára rẹ̀, kí wọ́n pa á, kó dúró síbi ìsinmi rẹ̀, kí wọ́n tó wá de apá mọ́ ọn. Ẹ da omi sí gíláàsì kí ẹ tó tan án.