Aṣọ ni wọ́n ń tà, àmọ́ aṣọ náà lè ba ọjà jẹ́: Ìdí tí àwọn iléeṣẹ́ géèmù fi ń tún àwọn akọni wọn yà

Bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù méjì bá fẹ́ pàdé, tí àwọ̀ aṣọ wọn sì jọra, rẹfirí kò ní í fọn fèrè títí tí ọ̀kan nínú wọn yóò fi pààrọ̀ tirẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ló dé. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé bí agbábọ́ọ̀lù kò bá tètè dá ẹni tirẹ̀ mọ̀, alátakò ni yóò gbá bọ́ọ̀lù fún, àwọn òǹwòran tó sanwó wọlé kò sì ní í mọ ẹni tó ń ṣe kí ni. Ohun kan náà ló ń da àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láàmú, àmọ́ tiwọn tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé aṣọ gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Ẹni tó bá rò pé eré ọmọdé lásán ni géèmù lè má mọ bí òwò náà ṣe ń lọ. Púpọ̀ nínú àwọn géèmù tí àwọn ènìyàn fi ń bá ara wọn díje lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ibi tí iléeṣẹ́ ti ń rí owó ni aṣọ, fìlà àti ohun ọ̀ṣọ́ mìíràn tí ẹni tó ń gbá géèmù náà ń rà fún akọni tó yàn láàyò. Skin ni àwọn ọ̀dọ́ ń pe irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kó sọ ọ̀lẹ di alágbára, ẹwà lásán ló wà fún, ṣùgbọ́n ẹwà yìí ti sọ àwọn iléeṣẹ́ kan di olówó ńlá. Ibi tí wàhálà wà ni pé bí aṣọ kò bá jẹ́ kí wọ́n dá ẹni tó wọ̀ ọ́ mọ̀, ìdíje bàjẹ́ nìyẹn. Bí ìdíje bá sì bàjẹ́, ta ni yóò dúró ra aṣọ?

Iléeṣẹ́ Valve nílẹ̀ Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní gbangba. Ní ọdún 2007 ni wọ́n gbé Team Fortress 2 jáde, géèmù tí ẹgbẹ́ pupa àti ẹgbẹ́ búlúù ti ń bá ara wọn jà. Oríṣi jagunjagun mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi géèmù ọ̀hún han aráyé ní ọdún 1999, ṣe ló dà bí ogun gidi, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ wọ aṣọ ṣọ́jà. Èyí tó padà jáde kò jọ ìyẹn rárá, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ló jọ.

Kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Lọ́dún 2007 yẹn náà, mẹ́ta nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọn, Jason Mitchell, Moby Francke àti Dhabih Eng, kọ ìwé kan tó ṣàlàyé ọgbọ́n tó wà nídìí iṣẹ́ náà. Ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ kí ojú ẹni tó ń gbá géèmù dáhùn. Àkọ́kọ́, ṣé tiwa lẹni tó ń bọ̀ yìí àbí ọ̀tá? Àwọ̀ ló ń dáhùn ìyẹn. Èkejì, ta ni nínú àwọn mẹ́sàn-án? Òjìji ló ń dáhùn, ìyẹn bí ara ènìyàn ṣe rí bí a bá kùn ún ní dúdú látòkè délẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ló mú lọ́wọ́? Wọ́n jẹ́ kí ẹsẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, kí àyà mọ́lẹ̀, kí ojú lè tètè lọ síbi tí ohun ìjà wà.

Ọ̀rọ̀ òjìji yìí kì í ṣe ohun kékeré. Èyí tí wọ́n ń pè ní Heavy tóbi fàkìà-fakia, ìbọn rẹ̀ ń dẹ́rù bani, kì í sì í yára rìn. Scout ní tirẹ̀ rí tín-ín-rín, eré ló máa ń sá. Bí Heavy bá ṣàdédé yọ ní kọ̀rọ̀, ọgbọ́n ni kéèyàn sá. Bó bá jẹ́ Scout, ọ̀tọ̀ lohun tí yóò ṣe. Àsìkò tó ní láti fi pinnu kò sì tó àkókò tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú. Àwa náà ṣáà mọ̀ pé a kì í dúró títí ojú bàbá ẹni yóò fi hàn kedere ká tó mọ̀ pé òun ló ń bọ̀ láti oko. Ìrìn rẹ̀ ti sọ.

Ní ọdún 2009 ni fìlà wọ inú géèmù yìí. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2010, Valve ṣí sọ́ọ̀bù sínú rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kẹfà, ọdún 2011, wọ́n sọ géèmù náà fúnra rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe fìlà ọ̀hún. Wọ́n gba àwọn ayàwòrán ìta láàyè láti mú tiwọn wá, kí wọ́n sì máa gba ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé lórí rẹ̀. Àwọn márùn-ún tó kọ́kọ́ gbowó lọ́dún 2010, iye tó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré bẹ̀rẹ̀ láti 39,000 dọ́là dé 47,000. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2015, Valve kéde pé àwọn ti san ju mílíọ̀nù 57 dọ́là lọ fún irú àwọn ayàwòrán bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2011. Lórí fìlà tí ẹnikẹ́ni kò lè fọwọ́ kàn!

Ṣùgbọ́n bí owó ti ń wọlé ni àwọn oníbàárà àtijọ́ ń kùn. Jagunjagun tí wọ́n fara balẹ̀ yà kó lè dá yàtọ̀ ti wá dé fìlà ràgàjì, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, òjìji rẹ̀ kò sì jọ ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ó jọ pé Valve gbọ́. Nígbà tí wọ́n ń ṣe Dota 2, wọ́n gbé ìwé ìlànà kan jáde lọ́dún 2012 fún ayàwòrán tó bá fẹ́ báwọn ṣiṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òjìji akọni kò gbọ́dọ̀ yí padà, àwọ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ lápá òkè ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí pé láti òkè ni ẹni tó ń gbá a ti ń wo àwọn akọni náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú Call of Duty: Warzone fi hàn bí nǹkan ṣe ń rí bí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ bá yẹ̀. Obìnrin jagunjagun kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Roze, aṣọ rẹ̀ kan sì dúdú látorí délẹ̀. Owó lèèyàn fi ń ní i. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́, tó sì dúró sínú yàrá tó ṣókùnkùn, ọ̀tá lè kọjá níwájú rẹ̀ láì rí i. Ariwo ta pé ẹni tó lówó ló ń borí. Ní ọdún 2021, iléeṣẹ́ Raven Software tún aṣọ náà ṣe kó lè mọ́lẹ̀ sí i. Àwọn oníbàárà ní àtúnṣe àkọ́kọ́ kò tó, ni wọ́n bá tún padà sídìí ẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: aṣọ tí ènìyàn ti sanwó rẹ̀, tí wọ́n ti gbé lé e lọ́wọ́, ni wọ́n tún lọ kùn ní àwọ̀ mìíràn.

Ti iléeṣẹ́ Riot Games, ní Los Angeles, tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. League of Legends tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2009, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akọni 40. Lónìí, wọ́n ti ju 160 lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n yà nígbà tí iléeṣẹ́ ṣì kéré wá dà bí aṣọ tó ti ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tuntun. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn yà lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Wọ́n tún pápá ìjà pàápàá yà lọ́dún 2014, kí ilẹ̀ àti igi má baà máa bá àwọn akọni du ojú òǹwòran.

Ẹni tó bá ti yí páálí ọṣẹ rẹ̀ padà rí yóò mọ ewu tó wà nínú èyí. Oníbàárà lè wo orí àtẹ, kó ní ọṣẹ tí òun ń rà ti tán. Ohun tí Riot ń ṣe ni pé wọ́n máa ń wá ohun kan tí kò gbọ́dọ̀ sọnù. Fiddlesticks, tí wọ́n tún yà lọ́dún 2020 lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà dìbò yàn án lọ́dún 2019, aṣọ́komásùn ni tẹ́lẹ̀, aṣọ́komásùn náà ló ṣì jẹ́, àwọn kannakánná rẹ̀ sì wà síbẹ̀. Àmọ́ kì í fìgbà gbogbo bọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n yí Aatrox padà lọ́dún 2018, tọwọ́ tẹsẹ̀ ni wọ́n yí i, títí kan bó ṣe ń jà, inú sì bí àwọn tó fẹ́ràn ti tẹ́lẹ̀ gan-an.

Èyí tó tún ń náni lówó níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá tún akọni kan yà, gbogbo aṣọ rẹ̀ tí wọ́n ti tà láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún rán mọ́ ara tuntun náà. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Caitlyn lọ́dún 2021, wọ́n sì ṣe é fún Ahri, obìnrin oníru kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mẹ́sàn-án, lọ́dún 2023. Àwọn tó ti ra aṣọ náà kò sanwó kejì.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìnáwó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí Riot rò mọ́ VALORANT, tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹfà, ọdún 2020. Ìbọn ni wọ́n ta ọ̀ṣọ́ fún níbẹ̀, wọn kò ta aṣọ fún ènìyàn. Ní oṣù Keje ọdún yẹn, wọ́n gbé àwọn ìbọn kan tó rí bíi dírágónì sórí àtẹ, àkójọ wọn sì tó nǹkan bí 100 dọ́là. Ìlà pupa tó yí ara ọ̀tá ká, kí wọ́n lè tètè rí i, kò sí nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ẹni tí ojú rẹ̀ kì í dá pupa mọ̀ dáadáa lè yí i sí yẹ́lò tàbí àwọ̀ àlùkò, ọ̀fẹ́ sì ni.